Ẹsẹ̀ Bàtà Méjìlélógójì sí Òkun

Èmi ni mo sún òkun dé Arámọkọ. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò rẹ́rìn-ín, nítorí òkè ló yí wa ká, púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìlú nígbà náà kò sì fojú kan òkun títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè. Mi ò sa oògùn, mi ò gbààwẹ̀. Bírò ni mo fi sún un, lọ́sàn-án gangan, lórí tábìlì ilé ẹ̀kọ́.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí wọ́n ṣì ń dìde fún tíṣà nínú mọ́tò. Nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, èdè Yorùbá ni mo fẹ́ràn jù, àmì ohùn ni mo sì fẹ́ràn jù nínú Yorùbá. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé òun wọ "ọkọ" lọ sí Adó, màá bi í léèrè níwájú gbogbo kíláàsì pé ọkọ ta ló wọ̀. Kó tó ronú ìdáhùn, pàṣán ti bá a. Mo máa ń sọ fún wọn pé àmì kékeré kan lè ba ayé ẹni jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ èmi fúnra mi, mo sì máa ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọmọ méjì lórí ọ̀ràn àmì tán ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa gbé fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìjọba ló fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kànga ni, kí n bá òun kọ ọ́ nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi gún régé.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ọ̀hún ṣe. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ ẹ̀bá òkun ló ń wádìí bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, omi dídùn tí à ń mu máa ń lé sórí omi iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, bí epo ṣe ń lé sórí omi nínú ìkòkò. Bí wọ́n bá fa omi dídùn náà jù, omi iyọ̀ á gòkè wá, kànga á sì bàjẹ́. Ìjọba wá ra ẹ̀rọ kan, kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní ó gba odidi yàrá kan. Bí wọ́n bá ti kó iye tí kànga kọ̀ọ̀kan jìn àti bó ṣe jìnnà sí òkun fún ẹ̀rọ náà, á ṣe ìṣirò ọ̀nà tí omi ń gbà nísàlẹ̀, á sì dárúkọ kànga tí òkun yóò kọ́kọ́ wọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń lẹ àpò ìwé ni kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ìlú wo ló wà lẹ́bàá òkun. Ó rí àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Yorùbá ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ó lè yé wa. Ṣùgbọ́n taipuráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, taipuráítà kò sì mọ àmì ohùn. Láti òkè délẹ̀, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo ti bínú sí ẹni tó kọ ọ́ kí n tó kà á. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní: "Kanga: ese bata meloo?" Ìkejì ní: "Okun: ese bata meloo?" Mo mi orí, mo pòṣé, mo ní àwọn aláìmọ̀wé ló kún ọ́fíìsì ìjọba. Mo sì gbà á lọ́kàn mi pé ó yẹ kí wọ́n fẹ́ mọ bí okùn kànga ṣe gùn tó. Kí ni èèyàn ń fi fa omi nínú kànga bí kò ṣe okùn?

Kànga tí mo mọ̀ jù nílùú ni ti àdúgbò wa, tó wà níwájú ilé ìyá mi. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń ta iyọ̀ àti ata gígún níwájú ilé. Ọdún méjì ṣáájú kí wọ́n tó gbẹ́ kànga yìí, ó ṣubú lórí òkúta tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, eékún rẹ̀ ọ̀tún kò sì padà bọ̀ sípò. Kànga náà ló wá di ẹsẹ̀ fún un. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí ọyẹ́ bá ti mú, kànga á fà sísàlẹ̀, á ku ìwọ̀nba omi díẹ̀, ìyá mi á sì máa bẹ àwọn ọmọ aládùúgbò kí wọ́n bá òun pọnmi wá láti odò. Àwọn àbúrò mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ọ̀kan ní Ìjerò, ọ̀kan ní Odò-Ọwà. Mi ò tíì níyàwó. Èmi fúnra mi ìbá máa pọn ọ́n, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ta ló ti rí tíṣà tó ru garawa? Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ nínú ayé nígbà yẹn ni kí ìyá mi má tún gba orí òkúta yẹn mọ́. Mo kàn ń fẹ́ ẹ láìgbé ohunkóhun sórí ni.

Mo gbé rúlà ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé, mo sì na okùn ìyá mi sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn.

"Kí lo fẹ́ fokùn mi ṣe?" ni ó bi mí.

"Ìjọba ló fẹ́ mọ bó ṣe gùn tó, Yèyé."

"Ùjọba ò lókùn tirẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín àìmọ̀kan rẹ̀. Mo wọn okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, kí n má baà ṣèṣì. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà kí ojú lè ti àwọn ará ọ́fíìsì, mo sì fi ránṣẹ́. Bóyá akọ̀wé tó gbà á kò ka àmì mi. Bóyá nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kó fún ẹ̀rọ.

Oṣù mélòó kan kọjá, ọyẹ́ dé, kànga bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ní ọjọ́ kan, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Olórí àdúgbò wa pe àwọn àgbà jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n wá ka ìwé náà fún wọn, nítorí èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo dúró láàrin wọn, mo tún kọ́là mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú kà á ná.

Ìwé náà ní ẹ̀rọ ti ṣe ìṣirò gbogbo kànga, kò sì sí èyí tó súnmọ́ òkun tó tiwa. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì péré ló wà láàrin kànga wa àti òkun. Ó ní ó ya àwọn lẹ́nu pé a ṣì ń mu omi rẹ̀. Ìjọba yóò gbé tánkì ńlá kan wá fún wa, ọkọ̀ yóò sì máa wá da omi sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan yóò kọ́kọ́ wá tọ́ omi náà wò.

Mo ka ibi tí òkun wà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ni okùn ìyá mi yọ sí mi lójú, bó ṣe gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

"Tíṣà, kí ni wọ́n wí?" ni olórí àdúgbò béèrè.

Èèyàn rere ì bá sọ òtítọ́ níbẹ̀ yẹn. Èmi wo gbogbo àwọn àgbà tó ń wo ẹnu mi, mo wo ìyá mi tó jókòó lórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo sì ní, "Ìjọba fẹ́ fún wa ní tánkì omi."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àgbà kan bi mí pé nínú gbogbo ìlú tó wà láyé, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa.

"Fọ́ọ̀mù tí mo kọ ló dùn mọ́ wọn," ni mo wí.

Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Olórí àdúgbò ní ẹni tó rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé kò ṣòfò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yóò dé, ara mi kò gbà á mọ́. Mo lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń palẹ̀ ọjà mọ́. Mo sọ fún un pé wọ́n ṣèṣì. "Wọ́n" ni mo wí, mi ò dárúkọ ara mi. Mo ní àwọn ará ọ́fíìsì rò pé ẹ̀bá òkun la wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ fún wa ní tánkì, tí wọ́n sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́la wá tọ́ omi wa wò.

"Kí lọ́ wà nínú òkun?" ni ó béèrè.

"Omi ni, Yèyé. Omi tó níyọ̀."

"Uyọ̀ bí irú èyí?" Ó fi ọwọ́ lu àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ẹni tí wọ́n rán wá bá tọ́ ọ wò, tí kò bá uyọ̀ níbẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á yọ wá kúrò nínú ìwé. Tánkì ò ní í wá mọ́."

Ó ń fi ọwọ́ pa eékún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olúwa á ṣe é." Ìyá mi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún Olúwa nìkan, ó sì yẹ kí n ti mọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni òṣìṣẹ́ náà, ọmọ ẹ̀bá òkun gan-an. Láti ìhà Iléṣà ló gbà wá, lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, Lándírófà rẹ̀ sì ti hó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkè lọ́tùn-ún, ó wo òkè lósì.

"Tíṣà, ẹ má bínú o," ni ó wí fún mi, "láti àárọ̀ ni mo ti ń gun òkè. Níbo ni òkun yín wà?"

Ọ̀nà tún là fún mi níbẹ̀ láti sọ òtítọ́. "Ẹ̀rọ yín ló mọ̀," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà rò ó lọ́nà pé ó ní láti jẹ́ àṣìṣe. Ó ní ìwé tó wà lọ́wọ́ òun kò béèrè òkè. Bí òun bá bá iyọ̀ nínú kànga, ẹ̀rọ gba. Bí òun kò bá bá a, òun á fa ìlà pa orúkọ wa rẹ́, òun á sì sọ fún wọn pé ẹ̀rọ olówó ńlá wọn nílò dókítà.

Gbogbo àdúgbò ti pé. Wọ́n ju garawa sínú kànga, ó bu omi tó kù nísàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà fi ife kan bù ú, ó tọ́ ọ wò. Ó tutọ́. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó yọ ìgò kékeré kan nínú àpótí rẹ̀, ó kán oògùn díẹ̀ sí omi náà, omi sì funfun bí omi ògì. Mi ò lè ṣàlàyé bí ojú ọmọkùnrin náà ṣe rí. Bí ojú ẹni tó ń ṣe àwàdà nípa ẹ̀mí àìrí tí ẹ̀mí àìrí wá kí i, ni ó rí.

"Iyọ̀ ni!" ni ó pariwo. "Òkun ti dé ibí!"

Mo wo ìyá mi. Ó ń wo ojú ọ̀run.

Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó ní òkun ti rí ọ̀nà kan gbà lábẹ́ àwọn òkè wa, ojú èèyàn kò sì lè rí i àfi ẹ̀rọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí òun pé òun kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Kò sí àgbà kan tó jiyàn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí ló wá lè yani lẹ́nu níbẹ̀, ṣebí omi gbígbóná ń jáde látinú ilẹ̀ ní Ìkògòsí nítòsí wa níbí, kò sì sẹ́ni tó dáná sí i.

A fi iyán ṣe é lálejò ní ilé ìyá mi. Iyán náà dán, ẹran wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tẹ́. Kò sí ẹyọ iyọ̀ kan nínú rẹ̀. Òkèlè kejì ni àlejò rọra béèrè bóyá iyọ̀ díẹ̀ wà nílé. Ìyá mi ní iyọ̀ ti tán. Nílé oníyọ̀! Mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àpò iyọ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń wà, ilẹ̀ lásán ni mo rí. Ọbẹ̀ tẹ́, èmi náà tẹ́, ṣùgbọ́n àlejò jẹun yó, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ìjọba dé. Àwọn obìnrin sáré jáde pẹ̀lú ìkòkò. Kì í ṣe tánkì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà o, sìmẹ́ńtì ni. Ìwé tó bá a wá ní ìṣirò ẹ̀rọ ti fi hàn pé kànga tí òkun bá ti wọ̀, bí wọ́n bá ń fa omi nínú rẹ̀, á máa fa òkun lọ bá àwọn kànga yòókù. Nítorí náà kí wọ́n dí i pa. Tánkì ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ni wọ́n pè pé kí n ka ìwé náà sétí gbogbo èèyàn, mo sì kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo ẹnu kànga mọ́lẹ̀, ó dán, èèyàn lè jókòó lé e. Tánkì náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ní ọjọ́ kẹta, mò ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, mi ò bá ìyá mi nídìí ọjà. Wọ́n ní ó gba ọ̀nà odò lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́là lọ́rùn. Mo bá a ní agbedeméjì òkúta. Kò lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó jókòó, ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ìró rẹ̀ ti ya lẹ́yìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó tì í tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Mo ní kì í ṣe àwọn ará ọ́fíìsì ló ṣèṣì, èmi ni. Mo ní òkun ni wọ́n béèrè, okùn ni mo wọ̀n. Mo ní mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ka ìwé náà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú ló ń tì mí.

Ó yíjú sí mi. "Okùn mi yẹn náà?" ni ó béèrè.

"Òun náà ni, Yèyé."

"Irú àṣìṣe yìí náà lo torí ẹ̀ ń na ọmọ ọlọ́mọ?" Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń bọ̀. Ó rín in títí ó fi dì mọ́ òkúta. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà da uyọ̀ sí i. Ulé kan náà la ti jáde, kò yà mí lẹ́nu." Ó wá na garawa sí mi. "Gbà. Má jẹ̀ẹ́ kó kan òkúta."

Mo gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà mo kọ ìwé sí ìjọba. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́, mo fi àmì ohùn tó nípọn sórí òkun, mo fi sórí okùn, mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré. Èsì wọn pẹ́ kó tó dé, kò sì gùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti sọ pé òkun ni, òṣìṣẹ́ àwọn ti tọ́ ọ wò pé òkun ni, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kò lè wá sọ fún àwọn pé okùn ni. Mi ò fi ìwé yẹn han ẹnikẹ́ni àfi ìyá mi.

Láti ìgbà náà, ní òwúrọ̀ kùtù kí aago ilé ẹ̀kọ́ tó dún, mo máa ń wé òṣùká, mo máa ń ru omi láti odò gòkè wá, ìrìn mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí mò ń nà máa ń pàdé mi lójú ọ̀nà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní "Ẹ kú iṣẹ́, sà," wọ́n á sì dúró rín ẹ̀rín nígbà tí mo bá kọjá tán. Mi ò sì torí ẹ̀ dáwọ́ nínà wọn dúró lórí àmì ohùn. Bóyá mo tilẹ̀ tún le sí i.

Ohun tí mi ò retí ni ìyìn. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí mi. Wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, ọkùnrin, tíṣà, tó ń pọnmi fún ìyá rẹ̀. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá kí ó wá wò mí. Àwọn tó ní ọmọbìnrin nílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣu ránṣẹ́. Gbogbo wọn ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ sódò nítorí mi, wọ́n sì ń súre fún mi lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ ìsìn ìkórè, ẹni tó ń wàásù ní kí ìjọ fojú sí òun, òun fẹ́ tọ́ka sí ọmọ kan tó ń bọlá fún ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ìgbéraga kò jẹ́ kí wọ́n mọ ìyá wọn mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí gbogbo ìyá tó bá fẹ́ irú rẹ̀ ké Àmín. Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Ìyá mi, tó jókòó tì mí, tó mọ gbogbo rẹ̀, ló ké tirẹ̀ jù. Ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Dìde," ni ó wí, "jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Mo dìde, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.